Sí àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ TAMPAN: ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta àgádágodo orí àwo fún àwọn ọmọ yín

Ẹkọ̀tẹ̀do, Ìbàdàn

Ẹ̀yin aláṣẹ ẹgbẹ́ TAMPAN, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa nídìí iṣẹ́ tíátà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìfaradà iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ń jókòó tẹtẹrẹ jèrè rẹ̀. Ẹkọ̀tẹ̀do ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní àdúgbò Queen Cinema. Ilé sinimá ni wọ́n fi sọ ibẹ̀ lórúkọ, ṣùgbọ́n fóònù àti kọ̀ǹpútà ló kún ibẹ̀ báyìí. Èmi ni mo ń gbé ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò bọ́ sórí àwo fáwọn èèyàn, tí mo sì ń gbé tórí àwo bọ́ sórí fíláàṣì. Bí ẹ̀rọ DVD yín bá yarí tí kò ka àwo mọ́, ọ̀dọ̀ irú wa náà lẹ máa gbé e wá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe fíìmù ló wá bá mi láìpẹ́ yìí. Ó ní òun fẹ́ tẹ àwo, nítorí àwọn ìyá ọjà àtàwọn èèyàn wa ní ìgbèríko ò rówó dátà wo YouTube tán. Ẹnìkan ti wá sọ fún un pé òun máa bá a lọ́ọ̀kù àwo náà débi pé ẹnikẹ́ni ò ní lè dà á kọ láyé, iye tó sì dá lé àwo kọ̀ọ̀kan kì í ṣe kékeré. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n ṣe é?” Mo ní, “Àbúrò, má ṣe é.” Kò gbà mí gbọ́ tán. Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ṣebí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ì bá ti sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí síta, nítorí ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu yín jáde làwọn ọmọ yín máa gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí títì yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ẹni tó ń tà á kì í ṣàlàyé.

Ayé kásẹ́ẹ̀tì ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1985 ni ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Macrovision ní Amẹ́ríkà gbé ọgbọ́n kan jáde fáwọn onífíìmù. Nǹkan kan wà nínú dẹ́kì tó ń díwọ̀n bí àwòrán ṣe mọ́lẹ̀ sí nígbà tó bá ń gbà á sílẹ̀, tó ń dín in kù tó bá pọ̀ jù, tó sì ń fi kún un tó bá kéré. Macrovision wá tọ́jú ìmọ́lẹ̀ òjijì sí apá ibi tí tẹlifíṣọ̀n kì í gbé síta fójú rí. Tẹlifíṣọ̀n ò bìkítà. Dẹ́kì tó ń dọ́bù, ìyẹn èyí tó ń da kásẹ́ẹ̀tì kọ, ni ọkàn rẹ̀ ń dàrú: á rò pé àwòrán ti mọ́lẹ̀ jù, á fà á wálẹ̀, á tún sáré gbé e sókè. Bí ẹ bá wá wo ẹ̀dà tó dọ́bù, ojú rẹ̀ á máa ṣú, á máa là. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nígbà náà á ti rí irú rẹ̀ rí. Kò pẹ́ púpọ̀ tí àpótí kékeré kan fi dé ọjà, tí wọ́n ń so sáàárín dẹ́kì méjì, tó ń ṣa ìmọ́lẹ̀ òjijì yẹn dànù. Àwọn dẹ́kì kan tí kò ní adíwọ̀n yẹn nínú ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ti ti nǹkan kan.

DVD dé ní Japan lọ́dún 1996, ó dé Amẹ́ríkà lọ́dún 1997, àwọn tó gbé e dé sì ní lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ti gbọ́n. CSS ni wọ́n pe títì tiwọn. Wọ́n da ohun tó wà lórí àwo rú kó má ṣeé kà, wọ́n wá fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sára àwo náà gan-an, níwájú ibi tí fíìmù ti bẹ̀rẹ̀, nítòsí ihò àárín. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń ṣe ẹ̀rọ DVD ló ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, nítorí náà ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n kó sára àwo kan lé ní 400, kí ẹ̀rọ yòówù tí wọ́n bá kì í sí lè rí èyí tó bá tiẹ̀ mu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Ẹ̀rọ tó wà ní pálọ̀ ìyá aláṣọ òkè kan ní Òjé gbọ́dọ̀ ṣí àwo yẹn kí ìyá náà tó lè wo fíìmù tó fowó rà. Tó bá sì lè ṣí i, a jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ ti wà nínú ilé. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ti ilẹ̀kùn ni o, ó wá fi kọ́kọ́rọ́ lé orí àtẹ́rígbà, ó ń retí pé olè ò ní nawọ́ sókè.

Ọdún 1999 lolè nawọ́, tó bá ṣeé pè lólè. Ọmọ ọdún 15 kan ní Norway, Jon Lech Johansen, àtàwọn kan tí wọn ò sọ orúkọ wọn, ni wọ́n gbé ètò kọ̀ǹpútà kan jáde tó ń ṣí CSS. Àlàyé ọmọ náà ni pé òun fẹ́ máa wo DVD tí òun fowó òun rà lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux dípò Windows. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní Oslo. Ilé ẹjọ́ dá a láre lóṣù kìíní ọdún 2003, ìjọba pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n tún dá a láre kí ọdún náà tó parí. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ kan tí wọn ò fi pamọ́ dáadáa ni wọ́n kọ́kọ́ rí lò, ṣùgbọ́n títì yẹn fúnra rẹ̀ ò lágbára, bíìtì 40 péré ni gígùn kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ (bíìtì ni òdo tàbí ení tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ nǹkan; bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń nira tó láti mọ kọ́kọ́rọ́). Wọ́n ṣe èyí tó lágbára jù ú lọ fíìfíì sórí Blu-ray, àwo tó dé lẹ́yìn DVD, tí kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ jẹ́ bíìtì 128. Nígbà tó fi máa di ọdún 2007, kọ́kọ́rọ́ tòun náà ti wà káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn èèyàn ń kọ ọ́ sára ẹ̀wù.

Ẹ má bínú pé mo rìn jìnnà. Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí: olè tó ń jẹ yín lẹ́sẹ̀ ò nílò láti ṣí títì kankan.

Bí ẹ bá mú DVD títì kan wá fún mi lónìí pé kí n dà á kọ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà sórí àwo òfìfo, ẹ̀dà tí mo bá ṣe ò ní ṣiṣẹ́. Wọ́n ti ba ibi tó yẹ kí kọ́kọ́rọ́ wà lára àwo òfìfo jẹ́ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kí irú èmi má baà lè kọ ohunkóhun síbẹ̀. Ìyẹn dáa, wọ́n ti dí èmi lọ́nà. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ń tẹ àwo lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún kì í lo àwo òfìfo. Ike tó ti yọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́ irin tí wọ́n ti gbẹ́ gbogbo ohun tó wà lára ojúlówó sí, kọ́kọ́rọ́ àti títì pa pọ̀. Ohun tó bá ti ibẹ̀ jáde, títì rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ geerege bíi ti ojúlówó. Ẹni tó ní owó ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ò ní ìṣòro kankan pẹ̀lú CSS. Èmi tí mo wà lẹ́yìn kọ̀ǹtà ní Ẹkọ̀tẹ̀do ni CSS bá wí, àti ọmọ Norway.

Àwọn tó ń kó fíìmù 10 tàbí 20 pa pọ̀ sórí àwo kan tún wà, ẹ mọ̀ wọ́n. Àwọn yẹn kì í da àwo kọ rárá. Wọ́n á ti ṣí fíìmù náà, wọ́n á fún un pọ̀ kó má gba àyè púpọ̀ títí tí ojú òṣèré á fi di bátabàta, wọ́n á tò ó mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan péré ló nílò láti ṣí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí. Kódà tí kò bá rí i ṣí, wáyà pupa, funfun àti yẹ́lò ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀rọ DVD, bẹ́ẹ̀ ni fóònù tí wọ́n lè gbé síwájú tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀. Títì tó bá máa jẹ́ kí ojú rí àwòrán kò lè ní kí kámẹ́rà má rí i. Ẹ̀yin náà sì mọ iye fíìmù tó ti jò láti yàrá tí wọ́n ti ń to àwòrán, kí wọ́n tó tẹ àwo kankan. N ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀ yẹn.

Ẹnìkan lè sọ pé ó kéré tán, á dá aládùúgbò tó fẹ́ yá a dà kọ dúró. Òótọ́ ni, ó lè dá a dúró fún ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọmọ rẹ̀ á gbé fóònù wá sí àdúgbò wa níbí, wọ́n á bá a kó fíìmù náà sínú mẹ́mọ́rì kádì lówó pọ́ọ́kú. Kí ni ẹ wá rí rà nínú títì?

Kí wá ló dé tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá òkè òkun fi rọ̀ mọ́ títì wọn fún gbogbo ọdún wọ̀nyí? Lójú tèmi, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ni títì yẹn bá wọn dè. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀rọ DVD tó ń ka àwo títì gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ̀wé kó tó lè gba kọ́kọ́rọ́, ó sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé gbogbo òfin tó wà nínú ìwé náà. Òfin yẹn ló ní kí ẹ̀rọ máa béèrè pé apá ibo láyé ni àwo ti wá. Amẹ́ríkà ni 1, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni 2, àwa níbí ni 5. Ìlànà DVD náà ló jẹ́ kí àwo lè ní kí ẹ̀rọ má gbà kí èèyàn fo ìkìlọ̀ tó wà níbẹ̀rẹ̀ fíìmù. Àwọn yẹn rí nǹkan fi títì ṣe, nítorí wọ́n lágbára lórí ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ. Ta ni ẹ̀yin lè pàṣẹ fún ní ilé iṣẹ́ tó wà ní China?

Gbogbo ìyà rẹ̀, orí oníbàárà ló já lé. Ọmọ tó wà ní London ra DVD fún ìyá rẹ̀ ní Mọ̀kọ́lá, ìyá kì í sẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ní apá ayé tìrẹ ò gbà á. Ọmọ àdúgbò kan á gba rìmóòtù, á tẹ nọ́ńbà bíi mẹ́rin, ẹ̀rọ á gbà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ti China wá kì í tiẹ̀ béèrè mọ́. Ti ìkìlọ̀ yẹn ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ẹni tó ra ojúlówó ló ń jókòó ka “olè jíjà kò dára” láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin tí kò lè fò ó. Ẹni tó ra àyédèrú, fíìmù ló ń bá pàdé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí olè ti bá a yọ ìkìlọ̀ kúrò.

Nígbà tí mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn pé irú títì wo ni wọ́n fẹ́ bá a ṣe, àlàyé tó ṣe jọ èyí tí Sony ti lò rí lórí DVD, tí wọ́n pè ní ARccOS. Wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ fi ibi tó bàjẹ́ sára àwo, síbi tí ẹ̀rọ DVD ò ti yẹ kó dé, ṣùgbọ́n tí kọ̀ǹpútà tó ń da àwo kọ máa dé, kó lè há síbẹ̀. Ètò tó ń fo ibi tó bàjẹ́ ti wà tipẹ́. Ẹ wá bá mi wo ẹ̀rọ àwọn oníbàárà yín. Mo máa ń tú wọn lójoojúmọ́. Ẹ ó bá eruku ọyẹ́ lójú lẹ́ǹsì, ẹ ó bá ìyẹ́ aáyán, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ á ti sọ iná lésà rẹ̀ di aláìlágbára. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àwo tí kò ní àléébù gan-an, tìpátìpá ló fi ń kà á. Á yí i, á dúró, á tún yí i, ẹ ó máa gbọ́ ọ tó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ kí àwòrán tó jáde. Ẹ wá mọ̀ọ́mọ̀ fi àléébù sára àwo fún un? Yóò há. Oníbàárà ò ní mọ̀ pé títì ni. Ohun tó máa sọ ni pé àwo yín ò dáa, á dá a padà fún màkẹ́tà, á lọ ra àyédèrú tó ń ṣiṣẹ́.

Ojú àwọn tó ju gbogbo wa lọ ti rí i. Lọ́dún 2002, àwo orin kan tí wọ́n tì kí kọ̀ǹpútà má lè kà á dé ìgboro. Àwọn èèyàn fi máákà lásán fa ìlà yí etí àwo náà, títì tú. Lọ́dún 2005, Sony BMG fi ètò kan pamọ́ sínú àwo orin, tó ń yọ́ wọnú kọ̀ǹpútà ẹni tó bá kì í sí i, tó ń fara pamọ́, tó sì ń ṣílẹ̀kùn fún fáírọ́ọ̀sì. Wọ́n pè wọ́n lẹ́jọ́, wọ́n kó àwo náà kúrò lórí igbá. Olóòótọ́ oníbàárà nìkan ni ètò yẹn ṣe ní jàǹbá, torí ẹni tó jí orin náà gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò ní àwo tó máa kì í sí kọ̀ǹpútà.

Àwo VCD tí fíìmù Yorùbá fi tàn ká ilé, ẹ ò ti ohunkóhun mọ́ ọn. Kò tiẹ̀ sí àyè títì nínú rẹ̀. Wákàtí kan àti díẹ̀ ló ń gbà, ìdí nìyẹn tí a fi ń ra Apá Kìíní àti Apá Kejì, tí màkẹ́tà sì fi ń gba owó ẹ̀ẹ̀mejì lọ́wọ́ wa (a ò bínú). Ṣùgbọ́n pé kò sí títì lára rẹ̀ ti ṣe yín lóore kan tí ọ̀pọ̀ yín ò kà sí.

Pírọ́díúsà kan tó jẹ́ àgbà nínú yín wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Omíyalé tó ṣẹlẹ̀ nílùú Ìbàdàn yìí ní oṣù kẹjọ ọdún 2011 ló kó gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tó fi ya fíìmù rẹ̀ lọ. Kò ní ẹ̀dà kankan mọ́. Ó ń wá èyí tí bàbá kan tó ti dolóògbé ti ṣeré, kó lè fún àwọn ọmọ bàbá náà. Ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà ní Bódìjà la ti rí i, nínú páálí bàtà, VCD méjèèjì, ìwé ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Apá Kejì ti há níbì kan, mo fọ̀ ọ́, mo fi ẹ̀rọ mìíràn kà á díẹ̀díẹ̀, ó bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ká ní ẹ ti tì í ni, ẹ̀rù ì bá bà mí láti fọwọ́ kàn án, torí òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, ti sọ títú irú títì bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀.

Àwọn àwo yẹn sì ń kú lọ. Ẹ mú VCD àtijọ́ kan, ẹ gbé e síwájú fèrèsé lọ́sàn-án gangan, ẹ wo inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ihò tíntìntín tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, aluminium tó ń dán bíi fàdákà nínú rẹ̀ ti ń jẹ nìyẹn. Àwọn tí wọ́n kàn bàn lórí kọ̀ǹpútà, tí ẹ̀yìn wọn ní àwọ̀ búlúù tàbí elésè àlùkò, ooru àti oòrùn ló ń pa àwọn yẹn. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun ò sì ní ibi tí wọ́n ń ki àwo sí mọ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ò pọ̀. Ẹ sọ fáwọn ọmọ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n má sanwó títì fún ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n fi owó náà mú kí àwo tètè dé ọjà, kó dé Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ṣakí lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú Èkó, kí àyédèrú tó jí. Bí ẹ bá fẹ́ ká olè mọ́, ẹ pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú Nigerian Copyright Commission, àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ, kí ẹ jọ wá ilé iṣẹ́ tó ń tẹ àwo àyédèrú. Ẹ yí ẹ̀yìn àwo padà, ẹ wo òrùka tó yí ihò àárín ká: lẹ́tà IFPI àti nọ́ńbà wínníwínní tó máa ń wà níbẹ̀ ló ń fi ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ hàn. Lára àyédèrú, ẹ lè rí i pé wọ́n ti fi nǹkan họ ọ́ dànù. Ẹ̀rí gidi nìyẹn, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn páálí pé ẹni tó ra ojúlówó lè da ẹyọ kan kọ sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ni iṣẹ́ yín, ẹ̀yin lẹ lè yọ̀ǹda rẹ̀. Kí ẹ sì máa fi ẹ̀dà kan tí kò ní títì ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti mọ ìtọ́jú nǹkan. Kenneth Dike Library wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ̀ka National Archives wà nínú ọgbà kan náà. Akọ̀wé yín lè kọ̀wé sí wọn kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé, láti béèrè ohun tí wọ́n máa fẹ́ kí ẹ mú wá.

Èmi ni tiyín,
Oníṣẹ́ dọ́bù kan ní Ẹkọ̀tẹ̀do